Èéfín Àwọ̀ Aró

Láti Ìyàrà títí dé Kàbà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ wá.
Kí wọ́n tó gbọ́ ìró wa ni wọ́n ti ń rí èéfín wa,
èéfín ayìnrín, bí aṣọ tí wọ́n rẹ láàbọ̀ nínú aró.
Àwọn ọmọ iléèwé á fi ìwé bo imú,
èmi á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé,
"Òkun o, òkun,"
bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.

Gbèsè wà lábẹ́ ìjókòó, nínú gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì.
Ọ̀kan ní ọjọ́ Ajé, òmíràn kí Ọjọ́bọ̀ tó pé.
Dátsúùn mu ún, kò yó, kò sì jò ó sílẹ̀.
Mo dojú bolẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: erùpẹ̀ gbẹ táútáú.
Rúùtù ka ìwé owó kajú wa tán, ó pa á dé.
"Ẹni tó bá ń bá ọ̀mùtí gbé," ó ní,
"kó yéé ka ìgò."

Mẹ́dùpín tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí páànù.
Ìkẹta dúdú, ó rin gbindin bí òwú fìtílà.
Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò rẹ̀, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ríìngì ti jẹ tán. A sì ti gbẹ́ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
lẹ́ẹ̀kan lójú bàbá yín,
lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tí ẹ sin ín.
Ibo la tún fẹ́ gbẹ́?"

Àpò kajú méjìlá lọ sí i.
Wọ́n gbé òmíràn wá láti Lọ́kọ́ja, láàárín iṣu,
wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nǹkan sí i lára
ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè kà.
"Tòkunbọ̀ ni," ni awakọ̀ wí.
Mo rẹ́rìn-ín: ó ti òkun bọ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ àwa Òkun,
ta ni kó kọ́kọ́ kí ẹnìkejì?

A so ṣéènì mọ́ ẹ̀ka máńgòrò.
Bọ́dúndé ọmọ iṣẹ́ ń fà, ẹ̀ka ń ké.
Ẹ́ńjìnnì bàbá mi gòkè, ó ń fì,
ó ń kán tó, tó, tó sórí ewé gbígbẹ,
ibi tó kúrò sì là bí erìgì tí a yọ eyín lára rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí i lẹ́bàá kábúrétọ̀:
wáṣà tí bàbá fi àlùmọ́gàjí gé lára agolo mílíìkì,
lẹ́tà pupa kan ṣì hàn lára rẹ̀,
àti wáyà bàbà tí bàbá lọ́ yí i ká nígbà mẹ́ta,
torí kò fọkàn tán ẹ̀ẹ̀kan rí.
Lọ́nà Ìsánlú ni. Òjò ń pa wá.
Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
ó ní, "Má wo ojú mi. Ibi iṣẹ́ ni kó o tan iná sí."

"Kò bá tuntun mu," ni Mẹ́dùpín wí, ó fi í lé mi lọ́wọ́.
Mo jù ú sápò, ó bá owó ọrẹ pàdé.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí a yí kọ́kọ́rọ́ ló jẹ́.
Mẹ́dùpín tẹ́ áńkáṣíìfù funfun sẹ́nu sàìléńsà,
ó gbé e sókè fún gbogbo wa: funfun.
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́.

Mo délé, ajá gbó mi.
Rúùtù yọjú láti ibi ìdáná, ó béèrè pé,
"Ta lẹ ń wá?"

Láàárọ̀ mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì.
Ojú ìlà ló wà.
Mo nù ún, mo tì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á.
Ojú ìlà.
Gálọ́ọ̀nù ṣì wà lábẹ́ ìjókòó.
Rúùtù ní kí n gbé e fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata.
Mo ní kó di ọ̀la.