Ọwọ́ Tó Wà Létí Àwòrán

Odò kan ń ṣàn ní Fulọ́rídà, Àlàfíà ni wọ́n ń pè é.
Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò gbọ́ èdè wa,
odò náà kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìtumọ̀.
Etí rẹ̀ ni àwọn eléré àgọ́ máa ń fẹ̀yìn tì sí:
ọkùnrin tó ń gbé idà mì, òmìrán, aràrá,
obìnrin tó fi irùngbọ̀n tọ́ ọmọ mẹ́ta dàgbà.
Ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Ilé wọn ṣì wà,
páànù ti dípẹtà.

Delmar Trussell ní yàrá kan
tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru
nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn nínú ooru.
Ìbòjú amùjẹ̀ wà níbẹ̀,
rọ́bà rẹ̀ ti ń là bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀.
Ìwé ìpolówó sinimá wà lára ògiri,
omidan kan ń ké nínú rẹ̀ láti àádọ́rin ọdún,
kò sì tíì sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀.
Ọwọ́ òkú kan wà tí wọ́n fi wáyà sí nínú,
bí o bá fa okùn rẹ̀, ìka ìtọ́ka á pè ọ́.
Ìyàwó rẹ̀ fa okùn náà lẹ́ẹ̀kan.
Ọjọ́ kejì ló kẹ́rù.

Ṣùgbọ́n àwòrán pélébé ni ọkàn rẹ̀ fà sí jù,
irú èyí tí àwọn eléré àgọ́ ń tà ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá.
Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ló fi rà á:
Obìnrin Ọ̀nì, ara rẹ̀ ní ìpẹ́ bí ẹja,
ó jókòó, ó fẹsẹ̀ kọ́ra, bí olùkọ́ ilé ìwé.
Ó wá gbọ́ pé obìnrin náà kò kú,
pé kò ju máìlì mẹ́fà lọ,
pé ó ń fún àwọn ológbò àdúgbò ní ẹja inú agolo.

Delmar mú gègé dání.
Àwòrán tí olówó rẹ̀ bá fọwọ́ sí, iye rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́ta.

Verbena Stotts wọ ìbọ̀wọ́ funfun.
Kì í ṣe ìtìjú. Kò fẹ́ kí ìpara kan ìwé ni.
Ó yí àwòrán náà dà, ó ka ohun tó kọ sẹ́yìn rẹ̀ nígbà èwe:
*Ọ̀nì lé ìyá mi nígbà tó lóyún mi.*
Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi kò rí ọ̀nì rí.
Ará Nebraska ni, àgbàdo nìkan ló mọ̀.
Ọ̀gá wa ló ní kí n máa kọ ọ́. Igba lọ́sẹ̀ kan!
Ọwọ́ mi a máa ro mí ju awọ ara mi lọ."

Ó yí i padà síwájú,
ó dákẹ́.
Kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń wò.
Etí ọ̀tún ni, níbi tí aṣọ ìkélé ti ká kò,
tí ọwọ́ kan di aṣọ náà mú, ọwọ́ tí kò lára,
òrùka kan, èékánná tó dúdú fún epo ẹ́ńjìnnì.

"Lucius nìyẹn," ó ní.
"Òun ló ń tanná fún wa. Kò gbà kí a yà á láéláé.
Ó ní ẹni tó ní nǹkan tí yóò fi han ayé ni kí wọ́n yà.
Ọdún kọkànlélógójì tó ti lọ nìyí."

Ó mú àlùmọ́gàjí. Kò tọrọ gáfárà.
Ìró rẹ̀ kò ju ti kòkòrò tó ń jẹ ewé lọ,
ṣùgbọ́n Delmar,
tó ti jókòó ti ẹgbẹ̀rún igbe nínú òkùnkùn sinimá
tí kò ṣẹ́jú,
di àga mú.

Ó fọwọ́ sí èyí tó kù. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ló kọ.
Ó ní dọ́là márùn-ún ni. Delmar san án.

Oníbàárà kan pè láti Òháyò:
ó ní ó ti bàjẹ́, òun ò rà á mọ́.
Delmar kò dá a lóhùn.
Ó tan iná kékeré nínú yàrá tútù náà,
ó ń wo ibi tí wọ́n ti gé e, tí kò gún,
ibi tí aṣọ ìkélé ṣì ká kò sí,
láìsí ẹni tó dì í mú,
tí kò sì já bọ́.