Fìtílà Àjà Dé Kábà

Ìwé ìròyìn Èkó ti dájọ́ kí fíìmù náà tó dé ọ̀dọ̀ wa.
Akọ̀ròyìn kan ní kò dẹ́rù bani tó,
oòrùn pọ̀ jù nínú ẹ̀, yìnyín ò sí,
ta ló ń bẹ̀rù òkú lọ́sàn-án gangan?
Mo gé e, mo fi há inú ìwé tí mo fi kọ́ni fọ́dún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n,
ìwé tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já,
tí ikán ti ka ojú-ewé mẹ́rin àkọ́kọ́ tán.

Èmi Abígẹ́lì Médùbí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
mo mọ ilé inú ìwé yẹn ju ilé ọkọ mi lọ:
àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún, fèrèsé tí kì í padé,
ọkùnrin tó ń tan fìtílà sí àjà lálaalẹ́
fún ìyàwó tó ti kú.

Wọ́n wá ya fíìmù ẹ̀ nínú ilé òyìnbó àtijọ́
tó ń wó lọ láàárín oko kọfí wa.
Lálẹ́ Sátidé wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri ilé-ìwé.
Ọyẹ́ ń fẹ́ aṣọ náà, ojú àwọn òṣèré ń hunjọ,
ó ń tẹ́, ó tún ń hunjọ.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bíi Bàbá Arókòyọ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí fúnra ẹ̀.
Ibí yìí ló yẹ ká ti kígbe.
Ẹ̀rín la bú sí.
Ilẹ̀kùn yẹn ni ọmọ Ìpínmọ́rótì tú lọ fi ṣe ilé ewúrẹ́,
tí àwọn onífíìmù wá yá padà lọ́wọ́ ẹ̀.
Ewúrẹ́ ti jẹ etí ẹ̀ kan. Gbogbo wa dá a mọ̀.

Ìgbà tí ìyàwó sọ̀kalẹ̀ nínú aṣọ pupa
ni Yèyé Dúrójayé, ahunṣọ ará Bùnú, dìde láàárín èrò:
"Ẹ dúró! Ta ló hun ìyẹn?
Ẹ̀rọ ló hun ìyẹn.
Òkú tí ẹ bá fi irú aṣọ yìí sin,
báwo ni ò ṣe ní padà wá?"
Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Èmi náà ní ẹjọ́ tèmi. Wọ́n yọ orí kẹjọ kúrò.
Ọkọ náà lẹ́wà jù.
Gíláàsì fìtílà náà mọ́ bí ojú ọjọ́ lẹ́yìn òjò;
ẹni tó ń tan iná fọ́dún mẹ́sàn-án, èéfín ọwọ́ ẹ̀ dà?
Mo sọ ọ́ fún Rẹ̀mílẹ́kún, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́.
Ó ní, "Mà, ẹ ṣáà ń sunkún."

Nígbà tó parí, a kí ara wa, "Ọ̀kún o, Ọ̀kún,"
bí ẹni tó ń lọ sí ìrìnàjò.
Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ gba ọ̀nà oko kọfí.
Arókòyọ̀ tó ti ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀
ló ní kí n dá òun sílé torí ojú òun ò ríran.
Ojú ẹ̀ tó ń ka Bíbélì láìsí awò.

Lọ́dún kan mo fi ìbéèrè kan sínú ìdánwò:
Kí ló dé tí ọkùnrin náà fi ń tan fìtílà?
Mo ti kọ ìdáhùn márùn-ún sẹ́yìn: ẹ̀bi, wèrè, ìfẹ́,
ìbẹ̀rù Ọlọ́run, ìgbéraga.
Ọmọ kan kọ ọ́ pé, "Torí ilẹ̀ ṣú."
Òdo ni mo fún un. Mo fi yíǹkì pupa fàlà sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Lóru yẹn iná ò sí ní gbogbo àdúgbò.
Mo ṣáná sí fìtílà, mo gbé e sójú fèrèsé
níbi tí Jóṣúà máa ń jókòó sí kí ó tó kú.
Mo wá jókòó, mo ń wá orúkọ ọmọ náà.
Ó máa ń jókòó lẹ́yìn, lápá òsì,
bàtà ẹ̀ ò jọra.