Orúnkún Mi

Mo tẹ́ ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná,
ní Kutaisi. Òjò ń rọ̀, kẹ́tùlù ń súfèé.
Gela fẹ́ gbéyàwó lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án,
èmi sì ni wọ́n ní kí n ṣètò ìdágbére àpọ́n rẹ̀:
ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè Sufanẹ́tì, ọkùnrin márùn-ún,
ìyá ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wa.

Mo kọ ọ́: àgọ́ méjì. Badri á sùn nínú tiẹ̀ lọ́tọ̀,
torí ìhanrun rẹ̀ lè jí yìnyín tó ti sùn láti ayé Nóà.
Mo kọ ọ́: búrẹ́dì ẹlẹ́ran, mẹ́wàá. Rárá, ogún.
Wáìnì bàbá Nugzar, inú ike ńlá,
èyí tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì, tí kò sì ní àánú.
Ìṣáná. Iyọ̀. Oògùn inú rírun.
Ìbọ̀sẹ̀. Mo fa ìlà sábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
torí ọkùnrin tó bá gbàgbé ìbọ̀sẹ̀ lórí òkè
á máa wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì bí ẹni ń wo ẹran ọdún.

Zaza pè. Zaza ló ni ọkọ̀, nítorí náà Zaza ló ni ariwo.
"Okùn ńkọ́?" ló wí. "Okùn gígùn, ìkọ́ onírin!
A ó so ọkọ ìyàwó rọ̀ sétí ọ̀gbun bí aṣọ tí a sá,
kó máa pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ títí àfonífojì á fi dáhùn."
Mo rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi kọ "okùn,"
ó kọ ọ́ tán, ó dúró.

Mo rántí afárá onígi orí odò Enguri.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wá, pákó mẹ́ta ti já.
Mo ti sáré kọjá kí n tó wẹ̀yìn:
Gela wà láàárín, ó dojú bolẹ̀ gbalaja,
ó di wáyà mú bí ọmọ tuntun ṣe ń di ìka mú,
ojú rẹ̀ funfun bíi wàràkàṣì.
Mo fàyà wọ́ padà lọ bá a.
A rákò. Ó gbà wá ní ọ̀sán kan gbáko.
Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan koríko, ó ní, "Otari,"
kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, "Mo gbọ́."
Ọdún méjìlélógún rèé. Mo ṣì ń gbọ́.

Ìyàwó rẹ̀ gan-an ò mọ̀. Ó rò pé òtútù ló ń sá fún
tó fi ń ti fèrèsé àjà kẹfà pa.

Mo pe Zaza padà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, orúnkún mi ni."
"Orúnkún wo?"
"Ti òsì." Mo rò ó díẹ̀. "Àti ti ọ̀tún.
Dókítà ní n ò gbọdọ̀ gun ohun tó ga ju àga lọ."
Háà, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín! Badri ní kí n mú ọ̀pá dání.
Nugzar, tó ń tún eyín ṣe, ní òun á yọ orúnkún náà lọ́fẹ̀ẹ́.
Kó tó di ìrọ̀lẹ́, "Bàbá àgbà" ti di orúkọ mi.
Ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sín ò wúwo tó àgọ́.

Mo pa "okùn" rẹ́, mo kọ "ìwọ̀ ẹja" sípò rẹ̀.
Mo kọ: pápá etí odò, nísàlẹ̀,
níbi tí òkè ti jìnnà tó láti lẹ́wà.
Ẹni tó bá ka ìwé náà á rí ẹja, á rí wáìnì;
ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Aago mọ́kànlá òru, Gela pè.
Kò kí mi. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.
"Wọ́n ní orúnkún ń dùn ọ́."
"Gan-an ni."
Ó dákẹ́, ìdákẹ́ náà gùn tó afárá yẹn.
"Má gbé ẹrù kankan," ló wí. "Èmi ni n ó gbé àpò rẹ."

Mo mú bírò.
Mo kọ ike wáìnì sábẹ́ orúkọ ara mi.