Ìka Méjì Lórí Tábìlì

Ní Sáskátúnù, níbi tí odò ti ń dì gbagidi nínú oṣù Kejìlá,
mo tún di ọmọ ilé-ìwé.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe dókítà ní Ìkìrun,
iṣẹ́ wàràǹṣeṣà:
ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ dí i; èémí ń lọ, ẹ dá a padà;
bí aláìsàn bá ti lajú, ó di "Ẹ máa lọ sílé,
ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."
N kò bèèrè rí bí ó ṣe gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀.

Níhìn-ín, àtẹ̀gùn gan-an ni ìwé tí à ń kà.
Ìpele mẹ́rin tí wọ́n fi pákó kàn sáàárín yàrá,
tí kò lọ síbì kankan:
a gùn ún, a sọ̀ kalẹ̀, a tún gùn ún.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bọ́tìnnì ẹyọ kan.
Ọjọ́ mọ́kànlá kí síbí tó dé ẹnu,
ìdajì ọbẹ̀ ti dà sáyà.
Dókítà Pelletier, ọ̀gá mi, á káwọ́ lẹ́yìn:
"Má ràn án lọ́wọ́. Dúró."
Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìdúró rí.
Ó le ju iṣẹ́ abẹ lọ.

Bàbá Orest Hrynchuk, àgbẹ̀ àlìkámà,
ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Rọpárọsẹ̀ dá wọn dùbúlẹ̀ nínú ọgbà màlúù.
Apá ọ̀tún rọ̀ bí aṣọ tútù.
Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi tajà, tí wọ́n fi fẹ́yàwó,
ó bá ti ọjọ́ náà lọ;
èyí tí ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún ló kù,
èdè Yukiréènì, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ní wọ́ọ̀dù wa.
Èmi náà ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ níbẹ̀.
Nítorí náà, nígbà tí mo bá di bẹ́líìtì wọn mú lẹ́yìn,
láàárín ọ̀pá irin méjì,
n kì í ka wan, tú, tírì.
Ení. Èjì. Ẹ̀ta.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún á máa wọ́ tuuru
bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì,
yìnyín ń dán bíi dígí.
Gbì!
Èmi Fẹ̀yìntọlá, mo fẹ̀yìn ti yìnyín,
àpò síhìn-ín, kọ́fí sọ́hùn-ún.
Mo gbójú sókè. Bàbá wà lójú fèrèsé
nínú àga oníkẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ń wò mí.
Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, kí n tó ṣí fáìlì, wọ́n lu tábìlì: kó, kó.
Wọ́n fi ìka méjì ọwọ́ òsì ṣe ẹsẹ̀:
ìgbésẹ̀ kúkurú, pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ,
oríkèé tẹ̀ díẹ̀, bíi pẹ́pẹ́yẹ.
Wọ́n tọ́ka sí bàtà mi. Wọ́n tún un ṣe.
Mo sì rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ yí bẹ́ẹ̀dì wọn ká,
èmi tí ìjọba ń sanwó fún
kí n lè kọ́ ènìyàn ní ìrìn.

Ọdún mẹ́rin ni ìyá mi àgbà lò ní yàrá ẹ̀yìn,
ọwọ́ òsì wọn ká jọ bí ewé patanmọ́.
A fún wọn lóúnjẹ. A wẹ̀ fún wọn. A gbàdúrà.
A fẹ́ràn wọn débi pé a kò jẹ́ kí wọ́n gbé ife.
Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọwọ́ ń gbọ́ ẹ̀kọ́.
Èmi sì ni dókítà inú ilé.

N kò sọ èyí fún ẹnì kankan. Mo di bẹ́líìtì mú.
Ení, mo ní. Èjì.
Mo dákẹ́ kí n mí, tàbí kí n gbé nǹkan mì,
ni ohùn tó ti há láti oṣù méjì
bá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó wọ́, ó ṣì ohùn sọ:
"Eta."
Dókítà Pelletier fà bírò yọ, ó kọ ọ́ sínú fáìlì:
ariwo lásán, kò ní ìtumọ̀.

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.
Bàbá ń wo ẹnu mi.
Ẹ̀rin ló kàn.