Ó Nù, Àbí Wọ́n Nù Ún?

Èmi Eliseo, agbálẹ̀ iléeṣẹ́ rédíò Puerto Capulí
létí odò tí wọ́n fi Ìyá Ọlọ́run sọ lórúkọ,
mo ṣì ń nu tábìlì Zenaida Cahuana
ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí.
Kò sẹ́ni tó rán mi.
Ọ̀gá ní kí n gbé àga rẹ̀ sí yàrá ẹrù.
Mo ní, "Ó dáa, sà."
Mi ò gbé e.

Ọdún keje rèé.
Ife kọfí rẹ̀, èyí tí etí rẹ̀ ti kán,
àmì ètè pupa ṣì wà lẹ́nu rẹ̀:
ibẹ̀ nìkan ni n kì í fi aṣọ kàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló lọ.
(Ta ló ṣẹ́gun?)
Ó ti ra ẹja ńláńlá mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn apẹja,
ó kó wọn sínú yìnyín, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Lima,
kí wọ́n bá a wo ohun tí mákíúrì àwọn awakùsà ń ṣe sínú ẹran wọn.
Èsì dé. Ó ká a sí mẹ́rin,
ó tì í bọ inú bàtà.
Ó wá bi mí pé, "Eliseo, ọmọ rẹ ń jẹ ẹja?"
Mo ní, "Kí ni ì bá tún jẹ?"
Ó wò mí títí.
Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn láàárín wa nìyẹn,
ọ̀rọ̀ ẹja.

Wọ́n rí alùpùpù rẹ̀ létí èbúté,
kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀, epo kún un dẹ́nu,
akoto nìkan ni kò sí.
Mo rò ó, mo tún un rò:
ta ní í dé akoto wọnú odò?

Ọlọ́pàá dé. Wọ́n bi wá bóyá ó ní àlè.
Wọ́n bi wá bóyá ó ń mutí.
Wọn ò béèrè ẹja.
Fáìlì rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa, ó dé Cusco, ó dé Lima,
ojú ewé mọ́kàndínlógójì ló bá lọ,
mọ́kànlá ló bá bọ̀.
Ìwé pàápàá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pòórá.

Bí ọjọ́ àwọn òkú bá pé lóṣù Kọkànlá,
ìyá rẹ̀, Fortunata, a sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè,
ìrìn ọjọ́ kan àtààbọ̀ nínú bọ́ọ̀sì,
pẹ̀lú búrẹ́dì tí ó mọ bí ọmọ ọwọ́, tó ní ojú, tó ní imú.
Ẹnu géètì ibojì ló máa ń dúró.
Bó bá wọlé, ó ti gbà pé ọmọ òun kú nìyẹn.
Bó bá yí padà, ó fi ebi sílẹ̀ fún un.
Títí ilẹ̀ á fi ṣú, búrẹ́dì á wà láyà rẹ̀.
Wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ létí obìnrin yìí.

Àní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn
bí mo ṣe ń fa aṣọ lórí pákó.
Wọ́n ní ó nù.
Ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni ló ń nù:
abẹ́rẹ́, owó ẹyọ, ọmọ ewúrẹ́.
Zenaida kò bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ẹnìkan mú aṣọ, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fún un,
ó nù ún.
Èmi tí mò ń nu nǹkan jẹun, mo mọ ìyàtọ̀.
Ohun tí a bá nù kì í lọ láìfi ìlà sílẹ̀;
kí oòrùn ṣáà yọ láti ẹ̀gbẹ́,
ipa ọwọ́ á hàn.

Aago márùn-ún ti lù.
Ọmọkùnrin tuntun ti jókòó sídìí ẹ̀rọ,
ó ń ka iye tí wọ́n ń ta wúrà lónìí.
Ó tún ti gbówó lórí.