Òòlù Fámákinwá

Lẹ́tà F àti K ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ A.
Ara ìtì igi ni mo ti kà wọ́n,
ní Abà Ìdí-Àfàrà, létí odò Ṣáṣá,
lẹ́yìn Ifẹ̀tẹ̀dó, níbi tí ọ̀dà títì ti tán.

Bàbá mi àgbà, Fámákinwá, ló ń fi òòlù tẹ igi ní òǹtẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀kan gbàù ní ìdí, ẹ̀ẹ̀kan gbàù ní orí,
lẹ́tà méjèèjì á sì wọnú ẹran igi lọ.
Igi tó bá ti gba òǹtẹ̀ ti di ti kóńpìnnì,
bí oje tilẹ̀ ṣì ń kán lára rẹ̀.

Ẹ bi mí ní orúkọ wọn, n kò tíì gbàgbé:
ọ̀gànwó, ìrókò, apá, ayùnrẹ́,
arère tí í gbọ̀n bí ẹni tí otútù ń mú kó tó wó.
Síkírù a fi katapílà wọ́ wọn dé etí odò;
bí òjò bá ti kún Ṣáṣá, wọn a tì wọ́n sómi,
wọ́n á máa lọ sí òkun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí.
"Òkun ti mọ orúkọ wa," ni ìyá àgbà máa ń wí,
"àwa ni a kò mọ ohùn rẹ̀."

Owó wà nígbà náà, n ò ní purọ́.
Bíà ń bẹ ní ilé Ìyá Adúnọlá títí di òru.
Rédíò wà ní ojúlé mẹ́rìnlá.
Ìka méjì Bàbá wà ní ilé ìlagi.
Bí a bá bi í, á ní,
"Mo fi yá ayùn ni. Kò tíì dá a padà."

Lọ́jọ́ kan a ò gbọ́ ayùn mọ́.
A rò pé ọjọ́ Àìkú ni.
Ọjọ́ Ajé dé, a ò gbọ́ ọ.
Síkírù kó ìyàwó rẹ̀ lọ sí Oǹdó,
katapílà wà níbi tó kú sí, ìtàkùn gba ẹnu rẹ̀.
Òkìtì lẹ́búlẹ́bú igi nìkan ló ń rú èéfín,
iná abẹ́lẹ̀ tí kò jó, tí kò kú,
fún ọdún mẹ́fà gbáko.
Àwa ọmọdé ń sun iṣu níbẹ̀.

Mo padà lọ ní oṣù Ọ̀pẹ tó kọjá.
Ilé mẹ́sàn-án ló kù, mẹ́rin ló ní èèyàn.
Káfíńtà ń fi alùpùpù ru pákó bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀.
Pákó! Wá sí Ìdí-Àfàrà!
Tíìkì ìjọba ló tò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́
bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ní kó dúró sínú oòrùn.

Òòlù Bàbá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Àǹtí mi Mofoyèkẹ́ ló fi ń pa ekùrọ́.
K ti jẹ tán. F ṣì mú.
Ọmọ rẹ̀ kékeré gbà á, ó sáré lọ sí etí odò,
ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀ tútù,
F, F, F, títí dé ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀.
Mo ní kí ló ń ṣe.
Ó ní òun ń sàmì sí odò, kí wọ́n má baà gbé e lọ.

N kò lè sọ fún un
pé àmì yẹn ni wọ́n fi ń mọ èyí tí wọ́n máa gbé.