Ní Ìdí Ṣáájì, Ìsinkàn

Fóònù mẹ́tàlélógún ló wà lórí pákó mi láàárọ̀ yìí,
mo fi bébà lẹ orúkọ mọ́ wọn lẹ́yìn
bí ẹni lẹ orúkọ mọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.
Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé,
iná ìjọba ti di ìtàn láti ọjọ́ Ajé.
Ẹni tó bá gbé fóònù wá kì í fẹ́ lọ mọ́,
wọ́n á fa bẹ́ǹṣì, wọ́n á jókòó tì í
bí ẹni jókòó ti aláìsàn.

Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ìròyìn Kánádà.

Èmi tí n kò kọjá Ọ̀wọ̀ rí,
mo mọ̀ pé yìnyín ti bo ọkọ̀ àwọn ará Wínípẹ́ẹ̀gì,
ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń wá ẹnu ọ̀nà ara wọn.
Mo mọ̀ pé àwọn apínlẹ́tà daṣẹ́ sílẹ̀,
ìwé ọmọ Bàbá Akínlùyì sì há síbi tí ẹnìkan kò mọ̀.
Mo mọ iye tí wọ́n ń ta ẹyin.
"Kíréètì kan?" ni Ìyá Fẹ̀hìntọlá bi.
"Rárá o, méjìlá péré."
Ó pàtẹ́wọ́: "Ṣé adìẹ tiwọn lọ sí yunifásítì ni?"
Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n epo tó kù nínú jẹnẹrétọ̀ ni mo ń ṣírò.

Bàbá Akínlùyì, tó fi ọgbọ̀n ọdún wọn kòkó ní Ìdànrè,
ìròyìn ló kù tó ń wọ̀n báyìí.
Ó ní igbó ń jó lọ́hùn-ún nígbà ooru,
èéfín á rìn fún ọjọ́ mẹ́ta
kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wúkọ́ rẹ̀.
Ó ní owó ilé gun àjà tán, ó fa àkàbà sókè.
Ó ní ọmọ òun gboyè kejì,
arúgbó ló ń tì lórí kẹ̀kẹ́.
"Arúgbó oní-arúgbó," ó ní, ó sì dákẹ́,
ó ń wo orúnkún ara rẹ̀.

Ó ṣe díẹ̀ kí ẹnìkan tó ní
tòmátò ti tún wọ́n sí i l'Ọ́jà Ọba.

Fóònù Ìyá Fẹ̀hìntọlá, bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́,
orí wáyà nìkan ló ti ń mí.
Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọmọ rẹ̀ jáde, ohùn ẹni tó rẹ̀:
"Ìyá mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́ òru ni,
mo ń dúró de bọ́ọ̀sì.
Mo kàn fẹ́ bi yín ní nǹkan kan..."

Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Háà!
Bàbá Akínlùyì ní owó ni, kí ló tún kù.
Ọmọ télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ìwé ìgbélùú ló fẹ́ parí.
Ẹnìkan ní ọkọ. Ẹnìkan rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní oyún.
Ìyá Fẹ̀hìntọlá kò fèsì,
etí aṣọ ló fi ń nu ojú fóònù náà
bí ẹni nu imú ọmọ.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo dé ilé epo,
mo tò, mo gbọ́ èébú, mo rà, mo padà.
Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Fóònù náà kò kánjú rárá,
ó gbé àwòrán ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó kọrin rẹ̀ tán
kó tó gbà fún wa:

"...ṣé òjò ti rọ̀ ní Àkúrẹ́?"

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ṣí, a gbọ́ ọ, ó sì tán.

Ìyá Fẹ̀hìntọlá dìde, ó bọ́ sínú oòrùn,
ó gbójú sókè, ó wo apá Ìdànrè, ó wo apá Ìjù,
àfi bí ẹni tí kò sí níbí láti àárọ̀.
Ó padà wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì:
"Kò tíì rọ̀, ọmọ mi.
Ó ṣú lọ́jọ́ Ẹtì, atẹ́gùn gbé e lọ."

Ó na igba náírà sí mi.
Mo ní kó mú un dání ná,
fóònù rẹ̀ kò tíì kún.